Olóyè Gbénró àti Ọ̀rọ̀ Tí Kò Ní Àmì

Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ mọ bí ènìyàn ṣe ń wú títí tí ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀ yóò fi kéré jù fún un, kí ó wá sí Igbó-Elérin, kí ó béèrè Olóyè Gbénró Ṣọlágbadé. Ẹni tó bá bi yóò kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín kí ó tó nawọ́ sí ilé náà. N kò ní kí a máa fi ọmọnìkejì ṣe ẹlẹ́yà. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín kan wà tí ènìyàn fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbìn, tó bomi rin, tó sì kórè lójú gbogbo ayé. Irú ẹ̀rín bẹ́ẹ̀ ni ti Olóyè.

Iṣẹ́ tí wọ́n gbé lé e lọ́wọ́ kò tó nǹkan. Ẹgbẹ́ Onílé àdúgbò náà fẹ́ ṣe àjọ̀dún ìwé, ọjọ́ kan péré, kí tọmọdé tàgbà láti Ọ̀jọ́, Ìba àti Okokomaiko lè rí ìwé rà, kí wọ́n rí òǹkọ̀wé bá sọ̀rọ̀, kí wọ́n sì gbọ́ ìtàn. Wọ́n wá ẹni tí yóò ṣe alága ìgbìmọ̀ àjọ̀dún. Ẹni mẹ́ta ní àwọn kò lè ru wàhálà rẹ̀. Olóyè Gbénró kò jẹ́ kí wọ́n bi òun tán tó fi dìde láti dúpẹ́. Ìdúpẹ́ náà gba wákàtí kan àti ààbọ̀, ẹni méjì sì sùn.

Láti ọjọ́ náà lọ, alága àjọ̀dún ọlọ́jọ́ kan di ọba gbogbo ìwé. Wọ́n fún un ní yàrá kékeré kan tí yóò fi ṣe ọ́fíìsì, wọ́n sì yan Kúnlé, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ní ìwé ẹ̀rí olùkọ́ nínú èdè Yorùbá, ṣe akọ̀wé rẹ̀. Àárọ̀ ọjọ́ gbogbo ni Kúnlé ń dúró lẹ́nu ọ̀nà, tí yóò máa ké pé:

"Alága àwọn alága! Òpó ìmọ̀! Ẹni tó ń ka ìwé tí ìwé náà ń kà á padà!"

Bí Olóyè bá sín, gbogbo ẹni tó wà nítòsí gbọ́dọ̀ wí pé, "Ọgbọ́n ń rọ̀!" Ọ̀nà mẹ́ta ló pín àtẹ́wọ́ sí. Àtẹ́wọ́ Kékeré ni wọ́n ń pa bó bá wọlé. Àtẹ́wọ́ Àárín ni bó bá sọ ọ̀rọ̀ tí kò yé ẹnikẹ́ni. Àtẹ́wọ́ Ńlá ni wọ́n ń pa nígbà tí kò bá sọ nǹkan kan rárá, nítorí ó ní ìdákẹ́jẹ́ ẹni ńlá wúwo ju ọ̀rọ̀ lọ. Ìwọ òǹkàwé, bí o bá fẹ́ mọ ohun tí mo rò nípa ìyẹn, Àtẹ́wọ́ Ńlá yẹn nìkan ló tọ́ sí i nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ó ṣeni láàánú pé kì í dákẹ́ pẹ́.

Olóyè pẹ̀lú ti kọ ìwé. Orúkọ rẹ̀ ni *Èmi àti Ìmọ̀ Mi*. Ojú ewé mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni, mọ́kàndínlógún nínú rẹ̀ sì jẹ́ àwòrán Olóyè. Kúnlé ló kọ méjìlá tó kù. Nítorí ìwé yìí ni Olóyè fi pàṣẹ pé ní ọjọ́ àjọ̀dún, ìwé kankan kò gbọdọ̀ dúró lórí tábìlì bó bá nípọn ju tirẹ̀ lọ. Kí wọ́n tẹ́ àwọn tó nípọn sílẹ̀ lábẹ́ tábìlì, kí wọ́n kọ́ ìwà ìrẹ̀lẹ̀.

"Olóyè, sà," ni ọ̀kan nínú àwọn tó ń ta ìwé wí, "Bíbélì àti Kùránì ńkọ́?"

Olóyè ronú díẹ̀. Ó fọwọ́ pa irùngbọ̀n. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ẹ jẹ́ kí àwọn yẹn dúró. Ẹni tó ni wọ́n fi díẹ̀ ju alága lọ."

Wọ́n pa Àtẹ́wọ́ Àárín.

Àjọ̀dún kò lè dúró láìsí onígbọ̀wọ́. Ikenna, ọ̀gá iléeṣẹ́ No-Blink ní Ọjà Àlàbá, ẹni tó ń ta ínfátà àti bátìrì tí kì í jẹ́ kí iná ṣẹ́jú, ló gbà láti gbọ̀wọ́ rẹ̀. Okokomaiko ni wọ́n bí Ikenna sí, Yorùbá sì dán lẹ́nu rẹ̀ bí epo. Ohun méjì ló béèrè. Àkọ́kọ́, kí orúkọ No-Blink hàn. Ìkejì, kí àwọn àlejò má kàn jókòó máa gbọ́ ọ̀rọ̀ bí ẹni tó wà ní ilé ẹjọ́.

"Ẹ fún wọn ní nǹkan ṣe, Alága," ni Ikenna wí. "Kí wọ́n kà, kí wọ́n ṣeré, kí wọ́n gba ẹ̀bùn. Èmi náà á kàn nílò kánópì kékeré kan létí títì, tí mo máa pàtẹ ọjà sí."

"Kánópì?" Olóyè fà sẹ́yìn bí ẹni tí wọ́n gbá létí. "Ṣé èmi Gbénró ni mo máa ń fún ènìyàn ní kánópì? Ilé ni mo fún yín! Yàrá gidi, tó kọjú sí títì, fún ọdún méjì gbáko!"

Ẹnu ya Ikenna. "Ọdún méjì? Ta ló ń lò ó báyìí?"

"Sítọ́ọ̀ lásán ni," ni Olóyè wí. "Àga àti eruku."

Ohun tí Olóyè gbà padà fún ọlá ńlá yìí ni pé kí No-Blink ṣe bánà kan tí àwòrán Olóyè yóò wà lórí rẹ̀, kí ó sì ga ju pátákó ilé epo tó wà níwájú àdúgbò lọ. Ìyẹn nìkan ni. Ó ta ilé tí kì í ṣe tirẹ̀, àwòrán ara rẹ̀ ló sì gbà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó wà nínú sítọ́ọ̀ tí Olóyè ní àga àti eruku ló wà níbẹ̀. Yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ àwọn àgbà ni. Ẹgbẹ́ Onílé ló kọ́ ọ. Olóyè kò gbé búlọ́ọ̀kù kan níbẹ̀ rí. Ó kàn jẹ́ pé wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sí i lọ́wọ́ nítorí àjọ̀dún, ó sì ti kun ògiri iwájú rẹ̀ ní àwọ̀ àlùkò. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀, ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ni Tíṣà Àrínọlá, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, ń kọ́ àgbàlagbà mẹ́rìnlá ní ìwé kíkà níbẹ̀. Ẹni tó dàgbà jù nínú wọn ni Alhaja Àmínà, ọmọ bíbí Ọ̀jọ́, onílé, ẹni ọdún mẹ́tàdínláàádọ́rin. Nígbà tí wọ́n bi í léèrè ohun tó fẹ́ fi ìwé ṣe ní ọjọ́ orí rẹ̀, ó ní ó ti sú òun láti máa yá ojú ọmọlọ́mọ lò. Bí ìwé bá ti ilé ìwòsàn dé, ọmọ ayálégbé ló ń kà á fún un. Gbogbo àdúgbò ni yóò ti mọ àìsàn rẹ̀ kí òun fúnra rẹ̀ tó mọ̀ ọ́n.

Ìdánwò wọn ku ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Wọ́n ti béèrè yàrá ní ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ akọrin ló ń lò ó. Wọ́n béèrè ní mọ́sálásí, wọ́n ń kan òrùlé rẹ̀. Bí yàrá yìí bá lọ, ẹ̀kọ́ náà parí, àwọn àgbà mẹ́rìnlá yóò sì padà sí òkùnkùn tí wọ́n ti rìn jáde dé ìdajì.

Nítorí náà, ní Ọjọ́rú tó ṣáájú àjọ̀dún, Tíṣà àti Alhaja lọ bá Olóyè ní ọ́fíìsì.

"Ẹ kú ìjókòó, Alága," ni Tíṣà kí i.

Kúnlé wúkọ́. "Oyè Alága kò pé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un bẹ̀rẹ̀."

Alhaja wò ó láti orí dé ẹsẹ̀. "Ìwọ ọmọ yìí, ilé mi ni ìyá rẹ ń gbé kí wọ́n tó bí ọ. Jókòó."

Kúnlé jókòó.

"Alága," ni Alhaja wí, "a gbọ́ pé ẹ ti fi yàrá wa fún oní-ínfátà."

"N kò fi fún un, Alhaja. Mo fi dá a lọ́lá ni."

"Ó dáa. Ọlá yẹn, níbo ló ní kí àwa jókòó sí?"

Olóyè dìde, nítorí kì í lè jókòó sọ ọ̀rọ̀ tó bá rò pé ó ga. "Ẹ gbọ́ mi. Ẹ̀kọ́ kì í gbé inú ilé. Inú orí ni ẹ̀kọ́ ń gbé! Ẹ gbé orí yín lọ sílé, ẹ̀kọ́ á tẹ̀lé e. Àwọn baba ńlá wa kò ka ìwé kankan, wọn kò sì kú!"

"Wọ́n kú o, Alága," ni Alhaja wí. "Gbogbo wọn pátá ló kú."

Kúnlé, tó ti múra àtẹ́wọ́ sílẹ̀, kò mọ èyí tí òun yóò pa. Ó pa Kékeré, ó dáwọ́ dúró, ó wo ojú Olóyè, ó sì fi ọwọ́ sí abẹ́ itan.

"Ẹ fún wa ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà péré," ni Tíṣà bẹ̀ ẹ́. "Kí wọ́n ṣe ìdánwò wọn tán."

"Ìdánwò!" Olóyè rẹ́rìn-ín tìyanu-tìyanu. "Alhaja, kí lẹ fẹ́ fi sáátífíkéètì ṣe? Ṣé ẹ fẹ́ wá iṣẹ́ ìjọba ni?"

Alhaja ká ìborùn rẹ̀, ó dìde, àwọn méjèèjì sì jáde. Ènìyàn tó ń fi ẹni tó fẹ́ mọ̀wé ṣe yẹ̀yẹ́, tó tún jókòó sí ipò alága ìwé, n kò mọ ohun tí a ó fi wé e.

Ní ọjọ́ yẹn kan náà, Olóyè àti Kúnlé lọ sí Okokomaiko, sí ṣọ́ọ̀bù Àbídèmí, obìnrin tó ń bá ènìyàn ṣe bánà, láti wo iṣẹ́ tí No-Blink ní kí ó ṣe. Àwòrán Olóyè ti gba gbogbo ojú bánà, ó gbé ìwé dání, ó ń wo òkè bí ẹni tó ń retí òjò. Lábẹ́ àgbọ̀n rẹ̀ ni àyè tó kù fún ọ̀rọ̀ wà, ó sì há. Olóyè fúnra rẹ̀ ló yan ọ̀rọ̀ náà: *Alága kọ́ ilé ìwé wa*. Irọ́ ni. Ṣùgbọ́n Àbídèmí ti kọ ọ́ bó ṣe yẹ, pẹ̀lú àmì rẹ̀ pé.

Olóyè tẹ̀ síwájú, ó fi ìka tọ́ àmì tó wà lórí *kọ́*. Ṣóńṣó rẹ̀ kan àgbọ̀n àwòrán náà.

"Ẹ̀gún wo lẹ fi gún mi lágbọ̀n yìí?"

"Àmì ohùn ni, sà," ni Àbídèmí wí.

"Àmì ohùn? Ṣé ohùn mi kò dún tó ni?"

"Rárá, sà. Tí a bá yọ ọ́, wọ́n lè kà á sí nǹkan mìíràn."

"Ta ni yóò kà á sí nǹkan mìíràn? Ohun tí mo ní lọ́kàn kò ha hàn lójú mi?" Ó tún bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo abẹ́ lẹ́tà. "Àwọn ìgbẹ́ eṣinṣin wo nìyí lábẹ́ ọ̀rọ̀? Orí ọ̀rọ̀ dọ̀tí, ìdí ọ̀rọ̀ dọ̀tí! Ẹ nù ún! Ẹ nu gbogbo rẹ̀ kúrò!"

Àbídèmí wo Kúnlé. Kúnlé mọ̀. Ó ka ìwé ọdún mẹ́ta lórí ọ̀rọ̀ àmì yìí gan-an. Ó la ẹnu, ó rántí pé Olóyè ti ṣèlérí ipò kan fún òun, ó sì pa ẹnu náà dé.

"Ọ̀rọ̀ ẹni ńlá kì í nílò àmì, sà," ni Kúnlé wí.

Ìwọ tó ń kà á, má jẹ́ kí Olóyè mú ọ gbàgbé Kúnlé. Òmùgọ̀ tó ń yangàn kò ní í jìnnà bí ọlọ́gbọ́n kan kò bá tì í lẹ́yìn. Àbídèmí nu àmì kúrò. Olóyè buwọ́ lù ú, nítorí ó ti sọ ọ́ di òfin pé kò sí àtúnṣe tí yóò lọ láìsí ìbuwọ́lù òun. Bẹ́ẹ̀ ni bánà jáde, gàdàgbà: ALAGA KO ILE IWE WA.

Ní Ọjọ́bọ̀, nígbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ dé ní aago mẹ́rin, wọ́n bá àga wọn níta lórí iyanrìn, àgádágodo tuntun sì wà lára ilẹ̀kùn. Wọn kò lọ sílé. Tíṣà gbé pátákó dúdú ti ògiri, ó sì fi àwọn ìwé ìpolongo àjọ̀dún tí wọ́n lẹ̀ káàkiri ṣe iṣẹ́ ọjọ́ náà, nítorí kò sí àmì lórí ọ̀kankan nínú wọn.

"Ọ̀rọ̀ tí kò ní àmì dà bí ẹni tó fi aṣọ bo ojú," ni ó wí fún wọn. "Ẹ má sáré pè é lórúkọ. Ẹ kọ́kọ́ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ níbi tí ẹ ti bá a. Ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ ni yóò sọ orúkọ rẹ̀ fún yín."

Wọ́n tún fẹ́ ka nǹkan mìíràn, ṣùgbọ́n ariwo mọ́tò láti ọ̀nà Bàdágírì bo ohùn Tíṣà mọ́lẹ̀. Lẹ́yìn ogún ìṣẹ́jú, wọ́n túká. Alhaja ló gbẹ́yìn. Ó fi etí ìborùn nu iyanrìn kúrò lórí àga rẹ̀ kí ó tó lọ.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta dé. Wọ́n ti kan bánà mọ́ igi ńlá méjì níwájú pápá, ó sì ga ju pátákó ilé epo lọ lóòótọ́. Àwọn àlejò wá láti Ìba, láti Ọ̀jọ́, láti Àlàbá. Olóyè ló ṣí àjọ̀dún. Ó ní kí wọ́n dákẹ́ fún ìṣẹ́jú kan fún ọlá ìwé. Lẹ́yìn náà ó sọ̀rọ̀ fún wákàtí méjì fún ọlá ara rẹ̀.

"Ẹ̀yin ènìyàn mi," ni ó ké, "kí n tó dé, kí ni ìwé? Bébà! Kí ni lẹ́tà? Ìlà! Èmi ni mo mí èémí sí i!"

Àtẹ́wọ́ Àárín.

Àwọn eré tí wọ́n ṣètò fún àlejò bẹ̀rẹ̀. Olóyè onípálí kan wà tí ènìyàn lè dúró tì láti ya fọ́tò, ó sì ga ju Olóyè gidi lọ ní ìwọ̀n orí kan. Àgọ́ ìtàn wà, ṣùgbọ́n Olóyè ti pàṣẹ pé gbogbo ìtàn gbọ́dọ̀ ní ínfátà nínú, nítorí náà òǹkọ̀wé kan tó wá láti Ògùn ń làágùn níbẹ̀ bó ṣe ń sọ bí ọmọ òrukàn inú ìtàn rẹ̀ ṣe sunkún dé etí odò, tí iná kò sì ṣẹ́jú mọ́ ọn lójú. Àwọn ọmọdé bi í pé ta ló gbé bátìrì lọ sétí odò. Ó ní òun pẹ̀lú kò mọ̀.

Eré tí Ikenna fẹ́ràn jù ni *Ka Bánà, Gba Tọ́ọ̀ṣì*. Ẹnikẹ́ni tó bá lè dìde níwájú ẹ̀rọ gbohùngbohùn, kó ka ohun tó wà lórí bánà sókè, yóò gba tọ́ọ̀ṣì No-Blink kan. Kúnlé ti kọ́ àwọn ọmọ iléèwé mẹ́wàá sílẹ̀. Wọ́n ń jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń pariwo pé, "Alága *kọ́* ilé ìwé wa!" Olóyè ń mi orí bí ẹni tó ń gbọ́ orin.

Nígbà náà ni Alhaja Àmínà dìde. Akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́tàlá dìde lẹ́yìn rẹ̀.

"Háà, ẹ jẹ́ kí Màmá náà gbìyànjú!" ni Ikenna wí tayọ̀tayọ̀, ó sì gbé ẹ̀rọ sún mọ́ ọn lẹ́nu.

Alhaja wo bánà. Ó fi ìka tọ́ka sí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan lókèèrè. "A-lá-ga," ni ó kà. Ó dúró. Ó wo apá ọ̀tún, níbi tí àga mẹ́rìnlá wà lórí iyanrìn. Ó wo àgádágodo lára ilẹ̀kùn. Ó tún wo bánà.

"Alága *kó* ilé ìwé wa."

Ẹ̀rín bẹ́ sílẹ̀ láti ẹ̀yìn, ó sì ń bọ̀ síwájú.

"Kò gbà á!" Olóyè fò dìde. "*Kọ́*! Mo ní *kọ́* ni! Màmá yìí kò mọ̀wé!"

"Lóòótọ́, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ ni," ni Alhaja wí. "Níbo ni àmì rẹ̀ wà, Alága, kí n rí i?"

"Èmi rò pé *kọ* ni," ọlọ́kadà kan ké láti orí ọ̀kadà rẹ̀. "Pé Alága kọ ilé ìwé wa, bí ẹni kọ aya!"

"Kúnlé!" ni Olóyè bú ramúramù. "Sọ fún wọn!"

Òógùn bo Kúnlé. "Sà… bó ṣe wà yẹn… gbogbo rẹ̀ ló tọ̀nà, sà."

"Fi àmì sí i!" ni àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í ké. "Alága, fi àmì sí i!"

Bí Olóyè bá ti rẹ́rìn-ín, tó jókòó, ọ̀rọ̀ ìbá ti lọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n agbéraga kì í mọ ibi ìjókòó. "Ẹ gbé àkàbà wá!" ni ó pàṣẹ. "Ẹ fún mi ní máákà! Lónìí ni ẹ ó mọ̀ pé mo mọ èdè baba mi!"

Ó gun àkàbà, agbádá rẹ̀ ń fẹ́ lẹ́lẹ́, máákà dúdú wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kúnlé di ẹsẹ̀ àkàbà mú, ó ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́: "Àmì abẹ́, sà. Ẹ má gbàgbé àmì abẹ́. Abẹ́, sà!"

"Abẹ́ kẹ̀?" Olóyè sọ ọ́ sókè kí gbogbo ayé gbọ́. "Èmi Gbénró kì í ṣe nǹkan lábẹ́! Gbangba ni mo ti ń ṣe tèmi!"

Ẹ̀rín tó tẹ̀lé ọ̀rọ̀ yìí lé ẹyẹ kúrò lórí igi. Ṣùgbọ́n Olóyè kò bìkítà. Ó mọ̀ pé ohùn náà lọ sókè, ó sì fi àmì òkè ńlá kan lé orí O, ó fà á gùn. Kò fi nǹkan kan sí abẹ́ rẹ̀. Gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀, ó sì buwọ́ lù ú lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó kọ orúkọ rẹ̀ ní kíkún, ó kọ déètì. Ó yíjú sí àwọn ènìyàn, ó na ọwọ́ méjèèjì.

"Ó yá! Ẹ kà á wàyí!"

Àwọn ọmọ iléèwé mẹ́wàá wò ó. Ọmọ tí wọ́n kọ́ dáadáa ni wọ́n, wọn kò sì lè purọ́ fún àmì. Wọ́n kà á papọ̀:

"A-lá-ga KÓ i-lé ì-wé wa!"

Olóyè, tó wà lókè àkàbà, rò pé wọ́n ń yìn ín. Ó tẹrí ba lẹ́ẹ̀mẹta. Fóònù tó ń ya fọ́tò lé ní igba.

Ẹni tó kọ́kọ́ dẹ́kun ẹ̀rín ni Ikenna. Ó ti rí ibi tí Alhaja wò kí ó tó kàwé. Ó rìn lọ síbi àwọn àga, ó gbé ìwé ìkọ̀wé kan tó bọ́ sórí iyanrìn, ó ṣí i, ó sì rí A, B, D tí ọwọ́ àgbà kọ, gbágungbàgun. Ó padà wá sí ẹsẹ̀ àkàbà.

"Alága, ẹ sọ̀ kalẹ̀. Ilé ìwé ta ni yàrá tí ẹ fún mi?"

"Sítọ́ọ̀ ni…"

"Ah-ah! Ẹ má purọ́ fún mi mọ́, abeg. Ìyá tó bí mi ò mọ̀wé. Ṣé ẹ fẹ́ kí n máa ta bátìrì níbi tí mo ti lé irú ìyá mi jáde?" Ó yọ kọ́kọ́rọ́ tí Olóyè fún un kúrò lápò, ó dọ̀bálẹ̀ fún Alhaja níbẹ̀, lójú gbogbo ayé, ó sì fi kọ́kọ́rọ́ sí i lọ́wọ́. "Ẹ má bínú, Màmá. Wọn ò sọ fún mi."

"Dìde, ọmọ mi," ni Alhaja wí. "Ó kù díẹ̀. Tọ́ọ̀ṣì mi ńkọ́? Mo ka bánà o."

Ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́ Àìkú, Ẹgbẹ́ Onílé pe ìpàdé. Bàbá Ọládipọ̀, olórí ẹgbẹ́, ẹni ọgọ́rin ọdún, ló jókòó sórí àga. Wọ́n ní kí Olóyè wí tẹnu rẹ̀. Ó sì wí i fún ogójì ìṣẹ́jú. Ó ní àwọn ọ̀tá ìmọ̀ ló dìde sí òun. Ó ní ìtàn yóò dá òun láre. Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀, ó ní, "Ẹ̀yin bàbá, gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ kò ju àmì kékeré kan lọ. Àmì tí kò tó ẹsẹ̀ èèrà. Mo gbàgbé rẹ̀. Ṣé torí ìyẹn ni ẹ ó fi gba oyè alága lọ́wọ́ mi?"

"Gbénró," ni Bàbá Ọládipọ̀ wí, "má da ẹjọ́ rú. Bí o bá ti rántí àmì yẹn, irọ́ lò bá kọ. O gbàgbé rẹ̀, o sì kọ òótọ́. O tún buwọ́ lù ú. Kí ni a tún ń jiyàn lé lórí?"

Ẹnu Olóyè ṣí, kò sì rí ọ̀rọ̀ kó jáde. Àkọ́kọ́ irú rẹ̀ nìyẹn. Kò sí ẹni tó pàtẹ́wọ́.

Kúnlé dìde wàràwàrà. "Bàbá, èmi ti mọ̀ látìbẹ̀rẹ̀! Ní ṣọ́ọ̀bù Àbídèmí ni mo ti mọ̀ pé…"

"O mọ̀, o sì dákẹ́?" ni Bàbá bi í.

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ó dáa. Lọ máa dákẹ́ nílé."

Wọ́n yọ àwọn méjèèjì nípò láìdìbò, nítorí kò sí ẹni tó ní èrò mìíràn. Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé ẹgbẹ́ pé yàrá náà jẹ́ ti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àgbà, alága kankan kò sì gbọdọ̀ fi dá ẹnikẹ́ni lọ́lá mọ́.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, wọ́n gbé àga wọlé padà. Aago mẹ́rin kọjá díẹ̀. Tíṣà Àrínọlá ti kọ iṣẹ́ sójú pátákó, àwọn àgbà sì ti tẹ orí ba, tí wọ́n ń kọ ọ́ sílẹ̀, nígbà tí Olóyè Gbénró gba ọ̀nà náà kọjá. Kò sí ẹni tó ń tẹ̀lé e. Bó ṣe dé iwájú ilẹ̀kùn tó ṣí sílẹ̀, ó dúró. Ó tún fìlà rẹ̀ ṣe. Ó wúkọ́, kí wọ́n lè mọ̀ pé ẹni tó yẹ kí wọ́n kí ti dé.

Ẹnikẹ́ni kò gbé ojú sókè. Ó tún wúkọ́, ó sì rọra lékún ikọ́ náà.

Alhaja Àmínà fi bírò sílẹ̀. Ó fọwọ́ ti tábìlì, ó dìde, ó ń rìn bọ̀ lọ́nà ẹnu ọ̀nà. Olóyè nà ró. Ó gbé àyà síwájú, ó sì múra láti gba ìkíni.

"Tíṣà, ẹ jẹ́ kí n ti ilẹ̀kùn yìí," ni Alhaja wí. "Ariwo ìta ti pọ̀ jù."

Ó tì í, ó sì padà sídìí ìwé rẹ̀.